Rọ́bà Inú Iṣan Ńlá: Ó Yẹ Kí Ilé-Ìwòsàn Máa Ṣọ́ Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Bí kíndìnrín ènìyàn bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tàbí ní àwọn ìpínlẹ̀ bí i Bauchi, Nasarawa àti Taraba tí wọ́n múlé gbè é, ìlú Jos ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń gbé aláìsàn wọn lọ. Jos University Teaching Hospital, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀, wà lára ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹbí máa ń bi àwọn nọ́ọ̀sì ni iye owó tí wọn yóò san fún ìfọ̀jẹ̀ kan. Ìkejì ni iye ìgbà tí aláìsàn yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹbí kì í sábà bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣáájú méjèèjì: kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí dókítà bá ki rọ́bà bọ inú iṣan ńlá, ta ni yóò sì máa ṣọ́ aláìsàn ní òru ọjọ́ náà?

Ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ kò lè lo abẹ́rẹ́ kékeré tí a fi ń fa omi sí ènìyàn lápá. Láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ẹ̀rọ náà lè fa ẹ̀jẹ̀ tí ó tó 200 sí 300 mílílítà, kí ó sì dá a padà. Iṣan ọwọ́ lásán kò lè fún un ní irú iye bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá iṣan ńlá lọ sí ọrùn, sí abẹ́ eegun èjìká, tàbí sí ibi tí itan ti pàdé ikùn. Rọ́bà tí wọ́n ń fi síbẹ̀ nípọn tó nǹkan bí mílímítà mẹ́rin. Èyí tí wọ́n bá gba ọrùn fi sí i, ẹnu rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún máa ń dúró sí ẹ̀bá ọkàn. Kì í ṣe àwọn tí kíndìnrín ń dà láàmú nìkan ni wọ́n ń fi í sí o. Ẹni tí ó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le koko, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún, àti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gba oògùn jẹjẹrẹ lè nílò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí wọ́n bá tètè rí àrùn kíndìnrín rẹ̀, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré sí apá rẹ̀ láti so iṣan méjì pọ̀, kí èyí tí wọn yóò máa lò lè tóbi. Ọ̀nà yẹn ni ó dára jù lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù díẹ̀ kí ó tó ṣeé lò. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í dé ilé-ìwòsàn títí ẹsẹ̀ yóò fi wú, tí oúnjẹ yóò di ohun ìríra, tí èémí yóò sì máa ké. Fún irú wọn, rọ́bà ni ohun tí ó lè gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀tọ́ sọ pé kí wọ́n má fi í sí i. Ohun tí ó yẹ kí a bi ilé-ìwòsàn léèrè ni bí wọ́n ṣe ń fi í sí i, àti ohun tí wọ́n ń ṣe ní wákàtí mẹ́rìnlélógún tí ó tẹ̀lé e.

Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ni a lè pè ní iṣan àlọ, kí a sì pe èyí tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà ní iṣan àbọ̀. Iṣan àbọ̀ ni rọ́bà gbọ́dọ̀ wọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀ bí ìbejì. Ní ọrùn, iṣan àlọ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan àbọ̀ tí dókítà ń wá, orí ẹ̀dọ̀fóró sì wà ní ìsàlẹ̀ wọn níbẹ̀, ó yọ díẹ̀ ju eegun èjìká lọ. Abẹ́rẹ́ tí ó bá yà díẹ̀ lè bá ara rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ní ọdún 2003, àwọn dókítà méjì kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìṣègùn New England Journal of Medicine, níbi tí wọ́n ti sọ pé, nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n ń fi rọ́bà yìí sí, àwọn tí wọ́n ń ní ìṣòro kan tàbí òmíràn ju 15 lọ nínú 100. Àwọn ilé-ìwòsàn tí wọ́n ní irinṣẹ́ ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún iṣan àlọ, dókítà tí ojú rẹ̀ là yóò tètè mọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa ń pọ́n dòdò, a sì máa tú jáde pẹ̀lú agbára. Yóò yọ abẹ́rẹ́, yóò sì fi ọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ibi tí ewu wà ni ara aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní agbára mọ́, tí èémí rẹ̀ kò sì délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dúdú, kí ó má sì tú jáde bí ó ti yẹ, dókítà yóò sì rò pé ibi tí ó tọ́ ni òun wà, yóò wá ki rọ́bà tí ó nípọn tó mílímítà mẹ́rin bọ iṣan àlọ. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà yọ kí ó sì fi òwú tẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ iṣan ni wọn yóò ránṣẹ́ sí. Bí wọ́n bá sì fà á yọ láìrò ó dáadáa, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ọrùn kí ó fún ọ̀nà ọ̀fun pa, tàbí kí aláìsàn náà rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

Ti ẹ̀dọ̀fóró ni èyí tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Abẹ́rẹ́ lè gún un díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti àyà. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró yóò máa sún kì. Nígbà mìíràn, àmì rẹ̀ yóò hàn lójú ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, aláìsàn yóò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, èémí kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í ké títí wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé-ìwòsàn ilẹ̀ Faransé, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, tí àwọn aláìsàn inú rẹ̀ sì ju 3,000 lọ, fi hàn pé abẹ́ eegun èjìká ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kan náà ni àkóràn àti ẹ̀jẹ̀ dídì kò ti wọ́pọ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan ni ó ní ewu tirẹ̀. Fún àwọn tí kíndìnrín ń dà láàmú, àwọn onímọ̀ gbà pé kí wọ́n yẹra fún abẹ́ eegun èjìká bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí rọ́bà ibẹ̀ lè mú kí iṣan náà dín, kí apá ọ̀hún má sì wúlò mọ́ fún iṣẹ́ abẹ tí a mẹ́nu bà lókè.

Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń darí rọ́bà wọ inú, láti ìgbà tí Sven-Ivar Seldinger, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti gbé ọ̀nà náà kalẹ̀ ní ọdún 1953. Wáyà yìí lè kan ògiri ọkàn kí ìlù ọkàn sì dàrú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n, wọn a sì fà á sẹ́yìn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, iyọ̀ pòtásíọ́mù ti lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì fẹ́ ìyọnu kankan. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, pé wọ́n gbàgbé wáyà náà sínú ènìyàn.

Ìsun ẹ̀jẹ̀ gan-an ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré lára àwọn aláìsàn yìí. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò lè kó jáde mọ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n fi rọ́bà sí i, wọ́n yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n yóò sì fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀rọ. Ohun tí ó ti dá ní òwúrọ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun ní ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì tí kò ṣí aṣọ wo ojú ọgbẹ́ kò ní mọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí lè dẹ́rù ba ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ púpọ̀ nínú wọn kò ṣòro. Ìtàn rọ́bà yìí fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní ọ̀kan. Ní ọdún 1929, ní ìlú Eberswalde ní ilẹ̀ Jámánì, dókítà ọ̀dọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Werner Forssmann ki rọ́bà bọ iṣan apá ara rẹ̀, ó sì tì í lọ sí ọ̀nà ọkàn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó ṣe é. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rántí nínú ìtàn náà ni ìgboyà rẹ̀, tàbí wèrè rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí àwọn ilé-ìwòsàn rántí ni pé, pẹ̀lú rọ́bà náà lára rẹ̀, ó rìn lọ sí yàrá ẹ́sírè láti wo ibi tí ẹnu rọ́bà dé. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe é kò fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ láìrí àwòrán. Ní ọdún 1956, wọ́n fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà.

Lónìí, àwòrán lè ṣáájú abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ skáànù tí àwọn aboyún mọ̀ dáadáa ni wọ́n ń lò, àfi pé orí rẹ̀ tí wọ́n ń gbé lé ara yàtọ̀ díẹ̀. Dókítà yóò rí iṣan àbọ̀ àti iṣan àlọ lójú ẹ̀rọ. Èyí tí ó bá tẹ̀ pẹlẹbẹ nígbà tí ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni iṣan àbọ̀. Yóò sì máa wo abẹ́rẹ́ bí ó ti ń wọlé. Láti ọdún 2002 ni àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dámọ̀ràn pé kí àwọn dókítà máa lo skáànù bí wọ́n bá fẹ́ fi rọ́bà sí iṣan ọrùn. Ó ti ju ogún ọdún lọ. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ẹ̀rọ yìí wà ní yàrá ìyàwòrán tí wọ́n tì pa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ń fi ìka wá iṣan lọ́rùn ènìyàn. Oríṣi kékeré tí ń lo bátìrì wà, iná mànàmáná kò sì lè jẹ́ àwáwí fún un. Ẹ̀ka ìfọ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Jos, ti ìjọba àti ti aládàáni, yẹ kí ó ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí rọ́bà ọrùn bá ti wọlé, ẹ́sírè àyà ni ó kù, kí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ owó ti máa ń wọlé. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó rọ́bà lọ́tọ̀, owó ìfọ̀jẹ̀ lọ́tọ̀, owó ẹ́sírè lọ́tọ̀, ẹbí tí ó ti ta ilẹ̀ tàbí màlúù yóò wo èyí tí ó kẹ́yìn bí àfikún tí ó ṣeé fò. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tí University College Hospital ní Ìbàdàn àti Federal Medical Centre ní Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí a yìn ni. Ó yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tún so rọ́bà, skáànù àti ẹ́sírè pọ̀ sórí rísíìtì kan ṣoṣo, kí ó má baà jẹ́ pé ohun tí ń dáàbò bo ẹ̀mí ni tálákà yóò kọ́kọ́ gé kúrò.

Àkóràn ní tirẹ̀ kì í sábà hàn ní ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ni wọ́n lè gbìn ín. Peter Pronovost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀ tí kò sí èyí tí ó jẹ́ ọgbọ́n tuntun nínú wọn: kí dókítà fọ ọwọ́, kí ó fi oògùn apakòkòrò nu ara aláìsàn, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, ìbomú àti aṣọ mímọ́ kí ó sì fi aṣọ bo aláìsàn, kí ó yẹra fún itan bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì yọ rọ́bà ní ọjọ́ tí kò bá wúlò mọ́. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì dá dókítà dúró bí ó bá fo ọ̀kan. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006 láti Ìpínlẹ̀ Michigan, iye àkóràn ti wálẹ̀ láti 7.7 sí 1.4 nínú ọjọ́ 1,000 tí rọ́bà fi wà lára aláìsàn. Kókó ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yẹn. Nínú ilé-ìwòsàn Nàìjíríà, níbi tí ọmọdé kì í ti dá àgbà lẹ́kun lójú ènìyàn, àṣẹ tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwòsàn bá fọwọ́ sí nìkan ni ó lè jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ọdún méjì sọ fún dókítà ogún ọdún pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ kò tíì fọ ọwọ́."

Ìlú Jos kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé nọ́ọ̀sì kan, Laura Wine, láti ìlú Lassa wá sí ilé-ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ ní ojú ọgbẹ́ kékeré kan ní ìka. Òun náà kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Dókítà Jeanette Troup fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣàyẹ̀wò òkú aláìsàn ibà yìí, òun náà sì bá a lọ. Ibà Lassa yàtọ̀ sí àkóràn inú rọ́bà, ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti sin dókítà àti nọ́ọ̀sì nítorí ọgbẹ́ kékeré kò yẹ kí ó máa jiyàn lórí ìbọ̀wọ́.

Ó ku òru ọjọ́ náà. Aláìsàn tí ó ti Langtang tàbí Wase wá lè fẹ́ padà sílé ní ọjọ́ kan náà, nítorí kò ní ibi tí yóò sùn ní Jos, owó bẹ́ẹ̀dì sì wọ́n. Ó lè ti dé ilé tán kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tí ń gbé inú ìlú náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ nígbà tí wàhálà bá wà. Ní ọdún 2001, ní 2008, ní 2010 àti ní 2021, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Jos nítorí rògbòdìyàn, àwọn ará ìlú sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti wá ọkọ̀ lóru ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi rọ́bà sí ní ọrùn tàbí lábẹ́ èjìká sùn sí ilé-ìwòsàn ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí nọ́ọ̀sì máa wo èémí rẹ̀, ìlù ọkàn rẹ̀ àti ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, kí wọ́n sì máa wò ó lóòrèkóòrè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn kan yóò sọ pé bẹ́ẹ̀dì kò tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì alẹ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti sún kì yóò gbà, bí ó bá padà dé láàyè.

Ó tún yẹ kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà ní ẹ̀ka ìfọ̀jẹ̀, tí wọn yóò máa kọ gbogbo rọ́bà tí wọ́n bá fi sí ènìyàn sínú rẹ̀: ibi tí wọ́n fi í sí, iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé kí ó tó bọ́ sí i, bóyá wọ́n lo skáànù, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Orúkọ dókítà kò gbọ́dọ̀ di ohun ìdójútì níbẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń ba àwọn dókítà ọ̀dọ́ láti kọ àṣìṣe sílẹ̀, ìwé náà yóò mọ́ tónítóní, àwọn aláìsàn yóò sì máa kú.

Ní ti ìwé ìyọ̀ǹda tí ẹbí ń fọwọ́ sí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Àwọn Berom, Ngas, Tarok, Afizere àti Hausa ń gbé ní Plateau, àwọn Yorùbá sì ti wà ní Jos láti ayé iṣẹ́ kùsà tíìnì. Ìyá àgbà tí ó tẹ ìka sórí ìwé lè má mọ ohun tí ó fọwọ́ sí. Kò nira láti tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo ní èdè mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí nọ́ọ̀sì kà á sétí ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ẹbí sì mú un lọ sílé. Ti Yorùbá lè rí báyìí:

"Rọ́bà yìí wà nínú iṣan tí ó lọ sí ọkàn yín. Bí èémí yín bá ń ké, bí àyà bá ń dùn yín, bí ọrùn yín bá ń wú, bí ẹ̀jẹ̀ bá la aṣọ ojú ọgbẹ́ jáde, tàbí bí ibà àti òtútù bá ń gbọ̀n yín, ẹ padà sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ìdérí rẹ̀ bá ṣí, ẹ fi ìdè ara rẹ̀ dí i pa, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níta gba inú rẹ̀ fún yín lóògùn. Nọ́ńbà tí ẹ lè pè lóru nìyí."